Òfin kóró òrí: ohun tó dé bá àpò tó wà ní Ṣakí, nítòsí ẹnubodè

Ẹni tó mọ kóró òrí rà ní Ṣakí kì í kọ́kọ́ béèrè iye. Á ki ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, torí pé èyí tó dára ni wọ́n sábà máa ń dà sókè. Á ṣa kóró bíi mẹ́wàá, á fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Èyí tó bá kán pẹ́kẹ́, tí inú rẹ̀ mọ́ rúsúrúsú, ti gbẹ. Èyí tí ọ̀bẹ wọ̀ bí ẹni ń gé ọṣẹ, omi ṣì wà lára rẹ̀, bó bá sì wọ sítọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò bu. Èyí tí inú rẹ̀ dúdú, ó ti hù kó tó gbẹ ni, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n kó o jọ ní tútù. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe èyí tán ni ọ̀rọ̀ iye tó kàn.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò yí padà. Ẹni tó ń rà ló yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, igbákejì ààrẹ, Kashim Shettima, kéde l'Abuja pé Ààrẹ Bola Tinubu ti fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni má kó kóró òrí tí wọn kò tíì sọ di òrí jáde ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà náà pé ní oṣù Kejì 2026, wọ́n tún fi ọdún kan lé e, ó di ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2027. Òrí tí wọ́n ti ṣe tán lè jáde, epo rẹ̀ náà lè jáde. Kóró ni wọ́n dá dúró. Ní Ìbàdàn, ẹni tó gbọ́ ọ kàn gbọ́ ọ ni. Ní Ṣakí àti àwọn abúlé tó yí i ká, ó dé inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ṣakí wà lápá ìwọ̀ oòrùn Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láàrin àpáta àti òkè, Òkè Àṣàbàrí ló sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 180 kìlómítà. Ṣùgbọ́n Òkèrètè tó jẹ́ ẹnubodè pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ṣakí ló wà, ìyẹn Ìwọ̀ Oòrùn Ṣakí. Ẹni tó bá kọjá Òkèrètè, Kaboua ni yóò dé, lẹ́yìn náà Ṣábẹ̀, ìlú olókè mìíràn tó jẹ́ ti Yorùbá, tí Ọníṣábẹ̀ ń jọba lé lórí. Ìlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà nínú àdéhùn ọdún 1889 ló pín wọn níyà. Èdè kò pínyà, ìyàwó fífẹ́ kò pínyà, bẹ́ẹ̀ ni ọjà kò pínyà. Bí ẹnì kan ní Ṣakí bá sọ pé òun ní oníbàárà ní Ṣábẹ̀, bó ṣe máa sọ ọ́ náà nìyẹn bó bá jẹ́ Ìṣẹ́yìn ni oníbàárà ọ̀hún wà.

Igi òrí kò fẹ́ràn igbó dúdú. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló ti ń ṣe dáadáa, ìdí nìyí tó fi pọ̀ ní Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Sẹpẹ̀tẹ́rí, tí ẹ ò sì ní rí i bẹ́ẹ̀ lápá Ìjẹ̀bú. Ẹni tó ń gbìn ín ṣọ̀wọ́n. Igi náà ń dúró tó ọdún 15 sí 20 kó tó so fún ìgbà àkọ́kọ́, ta ló máa yá owó báńkì fún irú oko bẹ́ẹ̀? Fúnra rẹ̀ ló ń hù, àgbẹ̀ á dá a sí nígbà tó bá ń ṣán oko. Tó bá wà nínú oko, olóko ló ni ín. Tó bá wà nínú igbó, ẹni tó bá tètè jí ló ni èso tó já bọ́ lóru.

Jíjí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láàrin oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ni èso ń já, àwọn obìnrin ló sì ń ṣa á, kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kì í ká a lórí igi, torí èyí tí kò tíì já kò tíì gbó. Abẹ́ igi tí koríko ti ga ni ejò máa ń wà, bàtà rọ́bà àti iná ọwọ́ ni ohun èlò àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní bàtà náà. Igi kan tó so dáadáa lè fúnni ní èso tútù kìlò 15 sí 20 lọ́dún. Bí wọ́n bá bó o, tí wọ́n sá a, tí wọ́n fọ́ ọ, kìlò 3 sí 4 péré ló máa kù ní kóró gbígbẹ. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: àpò 100 kìlò kan jẹ́ ohun tí igi bíi 25 sí 33 so. Ẹrù orí ọ̀nà oko mélòó nìyẹn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òrí ò ní iṣẹ́ lára títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sè é. Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣa èso délé. Ara èso náà dùn, àwọn ọmọdé á jẹ ẹ́, ìyókù ni wọ́n á bó kúrò. Èyí tó kù ni èso tó ní èèpo líle lára, ó sì ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá kó o jọ síbi kan tí òjò ń rọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù, àti pé kóró tó bá ti ń hù ti ń jẹ ọ̀rá inú ara rẹ̀. Bíbọ̀ ló ń pa á: nínú ìkòkò alumíníọ̀mù ńlá irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí ń dà, omi á hó lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí 45. Tí kò bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò kú. Tó bá pẹ́ jù, ọ̀rá inú rẹ̀ ń jáde sínú omi, ẹ óò rí i tó ń dán lójú omi bí epo.

Sísá ló kàn. Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá nínú oòrùn, títí tí ẹni tó bá mi èso náà létí yóò fi gbọ́ tí kóró ń lù gbọ̀ngbọ̀n nínú èèpo. Ìṣòro rèé: ìgbà òjò gan-an ni. Òkè-Ògùn lè rí òjò lójoojúmọ́ ní oṣù Keje. Orí àpáta ni ibi tó dára jù láti sá a, torí omi kì í dúró níbẹ̀, ooru àpáta náà sì ń ràn án lọ́wọ́, àǹfààní kan nìyí tí ìlú olókè ní ju ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní àpáta nítòsí yóò gbé e sórí iná igi. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín wọ inú kóró, àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé àyẹ̀wò, wọn kì í gba òrí tó rùn èéfín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ́ èèpo, wọ́n á tún sá kóró fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Bí omi tó kù nínú rẹ̀ bá ju ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò tíì yẹ kó wọ àpò.

Ẹni tó bá mọ ètò yìí yóò rí ohun tó burú nínú ọjọ́ tí wọ́n kéde òfin náà. Ìparí oṣù Kẹjọ, kóró ti wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣa á tán, wọ́n ti bọ̀ ọ́, èyí tó pọ̀ jù ti wà nínú àpò. Àwọn alágbàtà ti yá owó, wọ́n ti rà á lọ́wọ́ wọn. Bí òfin yẹn bá jáde ní oṣù Kẹta, kálukú á mọ bó ṣe máa ṣe é. Ó jáde nígbà tí ẹrù ti wà lórí. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tọ́ọ̀nù kan tó ń lọ ní nǹkan bí ₦1,200,000 já wá sí nǹkan bí ₦800,000 ní ọjà Nàìjíríà. Lórí àpò 100 kìlò, ìyẹn jẹ́ ₦40,000.

Kí ló dé tó fi já bẹ́ẹ̀? Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fún òrí ní Nàìjíríà kò tíì ṣetán láti ra gbogbo rẹ̀. Iye tí mínísítà ètò ọ̀gbìn, Abubakar Kyari, gbé jáde ni pé Nàìjíríà ń pèsè kóró òrí bíi 350,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, àti pé bíi 90,000 nínú rẹ̀ ló ń gba ẹnubodè jáde láìsí ìwé. Ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lè ṣe 160,000 tọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ìdá 35 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún agbára wọn ni wọ́n ń lò. Ìyẹn jẹ́ 56,000 sí 80,000 tọ́ọ̀nù. Kódà bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, 190,000 tọ́ọ̀nù ló ṣì máa kù tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe òrí àti àwọn oníbàárà mìíràn máa gbà. Ìdí tí ìjọba fi ṣe é yéni dáadáa: Nàìjíríà ló ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kóró òrí àgbáyé, ìdá kan péré ló sì ń rí mú nínú ọjà tí wọ́n ní iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Èrò náà kò burú. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì kí wọ́n tó kọ́ yàrá.

Ohun tó ń fa kóró lọ sí Benin kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn òrí jù wá lọ. Owó ni. Owó Séfà tí wọ́n ń ná ní Benin so mọ́ owó euro: euro kan jẹ́ Séfà 655.957, kò sì tíì yí padà láti ọdún 1999. Náírà kò so mọ́ nǹkan kan láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 ní ọjà ìjọba nígbà náà ti di bí ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. Torí náà, ẹni tó mú Séfà wá sí Òkè-Ògùn lónìí, owó rẹ̀ ń di náírà tó tó bí ìlọ́po mẹ́ta iye tí ìṣirò ìjọba ní kó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó lè san iye tó ju ti ilé iṣẹ́ Nàìjíríà lọ, kí èrè rẹ̀ sì tún pọ̀. Ohun kejì ni pé lójú ẹsẹ̀ ló ń san owó. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi owó síwájú ní oṣù Kẹrin, kí òjò tó mú, ìyẹn ìgbà tí oúnjẹ inú àká ti ń tán, tí owó iléèwé sì wà nílẹ̀. Obìnrin tó gba owó yẹn ti ta kóró rẹ̀ kí èso tó já lórí igi, iye tí wọ́n sì dá fún un kì í dára. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá ní òun á san án lẹ́yìn ọjọ́ 30 tàbí 60 kò lè bá a díje.

Ní ti ọ̀nà, òjò tó ń bá kóró jà náà ló ń bá ọkọ̀ jà. Alùpùpù á gba ibi tí ọkọ̀ ẹrù ti rì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin gùn ju 700 kìlómítà lọ, aṣọ́bodè kò lè dúró sídìí gbogbo igi. Ẹni tó bá rò pé òfin ti dá fàyàwọ́ kóró dúró ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí òfin ṣe ni pé ó fi owó ewu lé ọ̀nà: ẹni tó ń gbé e fẹ́ gbà sí i, ẹni tó ń ṣọ́nà fún un fẹ́ gbà, bí wọ́n bá sì gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, gbogbo rẹ̀ lọ. Oníbàárà ní Benin kò ní san owó yẹn. Ara iye tí wọ́n fẹ́ san fún obìnrin tó ṣa á ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ń ṣe irú òfin yìí. Burkina Faso dá kóró òrí dúró ní ọdún 2024. Benin fúnra rẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí wọn kò tíì ṣe jáde láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2024, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé, lókè Cotonou, lè rí i lò. Níbẹ̀, ìjọba kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n fún ọjà ní bí ọdún kan àbọ̀ kó fi múra. Kajú pọ̀ ní Òkè-Ògùn náà, nítorí náà àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà Òkèrètè ń rí òfin méjì tó kọjú síra wọn: kóró òrí kò gbọdọ̀ lọ, kajú kò gbọdọ̀ wá.

Ìrántí ọdún 2019 sì tún wà nílẹ̀. Ìjọba ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n ní kí epo bẹntiróò má ṣe wọ ilé epo kankan tó wà láàrin 20 kìlómítà sí ẹnubodè, torí epo tí ìjọba ń san owó ìrànwọ́ lé lórí ń sá lọ sí Benin, níbi tí wọ́n ti ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń pè é ní kpayo. Àwọn tó ń gbé láàrin 20 kìlómítà yẹn ní ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n ní alùpùpù, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Epo di ohun tí wọ́n ń rìn lọ rà ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ẹnubodè ní oṣù Kejìlá 2020, mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, Òkèrètè kò sí nínú wọn. Bí wọ́n bá ń sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé òfin yìí fún ìgbà díẹ̀ ni, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí wọ́n ń gbà àwọn obìnrin nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe: ẹ má ta kóró, ẹ sọ ọ́ di òrí. Ó dùn létí. Wọ́n á fọ́ kóró sí wẹ́wẹ́, wọ́n á yan án, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìlọta títí yóò fi di ohun tó kí, tó dúdú mìnìjọ̀. Wọ́n á dà á sínú bàsíà, wọ́n á máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ pò ó láìsinmi, títí yóò fi yí padà láti dúdú sí funfun, tí ọ̀rá rẹ̀ á sì léfòó bí ìfófòó ọṣẹ. Ìgbà tí wọn yóò da omi tútù àti ìgbà tí wọn yóò da omi gbígbóná, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, kò sí nínú ìwé. Bí omi bá gbóná jù, ọ̀rá á yọ́ padà sínú pàǹtí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ré ọ̀rá náà, wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sè é títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí kò ní ta pàràpàrà mọ́ lórí iná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì máa rò ó bó ṣe ń tutù kó má baà di kúlúkúlú.

Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, kìlò 3 sí 4 kóró ló ń fúnni ní kìlò kan òrí. Ní ₦800 fún kìlò kóró, ìyẹn iye tó já wá sí lẹ́yìn òfin náà ní 2025, ₦2,400 sí ₦3,200 ti wọ inú kìlò òrí kan kí wọ́n tó ra igi ìdáná, kí wọ́n tó san owó ilé ìlọta, kí wọ́n tó pọn omi. Ọ̀rá inú kóró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfún-epo lè yọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọwọ́ kò lè yọ ju ìdá 25 sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyókù wà nínú pàǹtí tí wọ́n ń dànù tàbí tí wọ́n fi ń dáná. Nítorí náà, tí ilé iṣẹ́ àti obìnrin tó ń fi ọwọ́ ṣe é bá ra kóró ní iye kan náà, ilé iṣẹ́ ló máa jèrè.

Oníbàárà ńlá náà kì í ra òrí torí ìpara, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Èyí tó pọ̀ jù nínú òrí tó ń lọ sí Yúróòpù, oúnjẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n ń ya apá tó le nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ń fi rọ́pò díẹ̀ nínú ọ̀rá kòkó, torí òfin wọn gbà kí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ṣokoléètì. Irú iṣẹ́ yìí nílò kóró tó dọ́gba, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀rá rẹ̀ kò sì kan. Òrí inú bàsíà, bó ti wù kó dára tó fún ara àti fún ọbẹ̀, kò wọ ibẹ̀.

Nínú àfikún ọdún kan tí wọ́n ṣe ní 2026, ìjọba fagi lé gbogbo ìwé àṣẹ tí àwọn kan ti gbà láti máa kó kóró jáde, wọ́n sì ní kí èyí tó bá ṣẹ́kù tí ilé iṣẹ́ ilé kò lè rà gba ojú ọjà ìpàrọ̀ ohun ọ̀gbìn ìjọba, NCX, jáde. Fún ẹni tó wà ní Ṣakí, ìyẹn tọ́ka sí ìwọ̀n àti ìpele. Báàfù àti kọ́ńgò kò ní wúlò níbẹ̀, síkéèlì ni wọ́n máa lò, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ wọn omi inú kóró. Obìnrin tó ní àpò méjì kò lè dá lọ síbẹ̀. Ó di dandan kí àwọn bíi ogún da tiwọn pọ̀, kí wọ́n sì gbà láàrin ara wọn pé ẹni tó bá kó kóró tútù wá kò ní bá wọn pín.

Ẹni tó bá ti pinnu láti tọ́jú kóró dúró de iye tó sàn jù, àpò ọ̀gbọ̀ ni kó lò, kó má lo àpò náílọ́ọ̀nù, torí náílọ́ọ̀nù kì í jẹ́ kó mí. Kó to àpò sórí pákó, kó má fi kàn ilẹ̀, kó má sì fi ti ògiri. Kó máa ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí àárín àpò bá gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kó tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó tún un sá.